Ọdẹ́jìnmí Ológun Ṣọ́bìrì àti Yàrà Ìdí-Arère

Ìlú kan kì í tú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni ìmàdò fi ọdún mẹ́ta tú Ìdí-Arère, ebè márùn-ún lónìí, ogún ebè lọ́la, títí ó fi kù díẹ̀ kí orúkọ ìlú náà di ohun tí àwọn arúgbó ń rántí pẹ̀lú òṣé. Ní ọdún kìíní, iṣu ẹsẹ̀ odò nìkan ni wọ́n jẹ, àwọn èèyàn sì ní kò burú, ẹranko pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹun. Ní ọdún kejì, wọ́n jẹ iṣu, wọ́n hú ẹ̀gẹ́, wọ́n sì wó àgbàdo mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, abo ìmàdò ti ń kó ọmọ lẹ́yìn kọjá lójú ọ̀nà oko ní ọ̀sán gangan, kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni. Ọdẹ kan ṣoṣo ló wà nílùú. Ìbọn ṣakabùlà tirẹ̀ ti di ọ̀pá ìtìlẹ̀, nítorí ogun Hítílà ti sọ ẹ̀tù di ohun àwátì lọ́jà. Ohun tó kù tí àwọn àgbẹ̀ lè ṣe ni pé kí olúkúlùkù jókòó sí ahéré rẹ̀, kó máa lu agolo, kó máa pariwo. Ìmàdò á gbọ́ ariwo náà, á kúrò nínú oko Lágbájá, á sì bọ́ sínú oko Tàmẹ̀dù láti lọ parí oúnjẹ rẹ̀.

Baálẹ̀ Láyọọ́lá, àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ méjì, pe gbogbo ilé jọ sí abẹ́ igi arère tó fún ìlú lórúkọ. Ó ní, “A ti gbìyànjú. Ìlú kan wà létí títì tó ti ṣèlérí ilẹ̀ fún wa. Bí iṣu ọdún yìí bá tún bọ́ sẹ́nu ìmàdò, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, a ó di ẹrù, a ó lọ.” Àwọn obìnrin bo ojú, àwọn ọkùnrin ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Opó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró nìkan ló dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, “Ẹ máa lọ o. Ọkọ mi wà nínú ilẹ̀ níbí, ọmọ mi sì wà lójú ogun, ọ̀nà ibí yìí nìkan ló mọ̀. Bí ó bá dé tí kò bá mi, ta ni yóò bi? Ẹ jẹ́ kó dé ná. Ẹni tó lọ bá Hítílà jà, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni yóò wá bà á lẹ́rù?”

Ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró yìí ló gba ìlú lọ́kàn. Ọdẹ́jìnmí Àlàó, ọmọ bíbí inú rẹ̀ kan ṣoṣo, ọkùnrin gíga, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ọmọ àgbẹ̀ tó ń kọ igba ebè kí oòrùn tó gun orí, ti lọ sógun ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn kan máa ń sọ pé nítorí òkìkí ló ṣe lọ. Mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ní rárá o: láti kékeré ló ti ń fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá létí títì ń lọ. Ó gun ún, ó sì mọ ibi tó ń lọ. Ó gbé e dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e dé Bọ́mà.

Òjò ń ṣú ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó dé. Ó wọ bàtà ológun, ó ru àpótí onígi, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kan há a láyà, ó sì so ṣọ́bìrì kékeré kan tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú mọ́ ẹ̀yìn. Ìlú tú jáde. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Àwẹ̀ró sì ń fọwọ́ pa á lójú, ó ń pa á lórí, bí ẹni ń wá ibi tí nǹkan ti kù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Baálẹ̀. Bàbá náà súre fún un tán, ó wá bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn.

“Ọmọ wa, ìbọn náà ńkọ́?”

“Ìbọn wo, Bàbá?”

“Ìbọn tí o fi jagun ni.”

“Ìjọba ló ni ín, Bàbá. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa kí a tó kúrò lọ́hùn-ún.”

Ajíbóyè, àgbẹ̀ olóko ńlá kan tí kì í mú ọ̀rọ̀ mọ́ra, sún mọ́ iwájú. Ó ní, “Kò burú. Sọ fún wa, àwọn ọ̀tá mélòó lo pa?”

Ọdẹ́jìnmí wo àwọn èèyàn rẹ̀, ó rí ìrètí lójú wọn, kò sì fẹ́ purọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, mo rí ogun. Àwọn tí a jọ jẹun láàárọ̀ kú kó tó di alẹ́, mo sì ń rántí wọn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fún èmi ni ilẹ̀ gbígbẹ́. Kòtò tí ọmọ ogun máa sá sí bí ọta bá ń fò, èmi ni mò ń gbẹ́ ẹ. Ibi tí wọ́n máa sùn, èmi ni. Ibi tí wọ́n máa ṣu sí, èmi náà ni. Ilẹ̀ tí mo gbẹ́ lọ́dún mẹ́ta pọ̀ ju èyí tí gbogbo òkété inú igbó yìí gbẹ́ lọ.”

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, ṣé ilẹ̀ tán ní Ìdí-Arère ni, tí o fi sọdá òkun lọ máa gbẹ́ ti Bọ́mà?” Ẹ̀rín bú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí kò dùn délẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ológun Ṣọ́bìrì, tí wọ́n bá sì ti kí i bẹ́ẹ̀, òun náà á nàró ṣánṣán, á gbé ọwọ́ síwájú orí bí ọmọ ogun, á sì dáhùn. Ojú ti ìyá rẹ̀ ju òun lọ.

Ó sinmi fún ọjọ́ méjì péré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri oko. Kì í ṣe oko tirẹ̀ nìkan o, oko gbogbo ìlú. Ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹsẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ìgbẹ́ ẹranko bóyá ó tutù tàbí ó gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ó ti rí ohun tí gbogbo Ìdí-Arère ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọn kò rí. Kí òye rẹ̀ lè yé ẹni tó ń ka ìwé yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ti ń ṣe oko nílùú wa. Àáró ni a ń ṣe: ènìyàn mẹ́wàá á kóra jọ, wọn á ro oko tèmi lónìí, wọn á ro tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Ṣùgbọ́n àáró kankan kì í dé ààlà. Ìjà ilẹ̀ àwọn baba wa ti kọ́ wa pé ọkọ́ tó bá sún mọ́ pèrègún ààlà, ẹjọ́ ló ń fà bọ̀. Nítorí náà, bí èmi bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí pèrègún, n ó dúró. Aládùúgbò mi náà á dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lódì kejì. Ọ̀wọ̀ ni a ń pè é. Igbó kìjikìji tó fẹ̀ tó ogún ìṣísẹ̀ ló wá hù láàárín oko kan àti èkejì, wọ́n sì so kọ́ra wọn jákèjádò ilẹ̀ ìlú. Ibẹ̀ ni ìmàdò ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ṣe títì.

Lábẹ́ igi arère, Ọdẹ́jìnmí tọrọ ààyè láti sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo tọrọ gáfárà. Igbó ńlá lẹ̀ ń ṣọ́, ẹ rò pé ibẹ̀ ni ọ̀tá ti ń wá. Kò ti ọ̀nà jíjìn wá o. Inú ààlà wa ló kọ́lé sí, àwa la sì fún un nílẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bí ẹ ti ń lu agolo yẹn, ńṣe lẹ̀ ń dà á síra yín lóko. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ yàrà yí gbogbo oko ká, kó jìn dé àyà géńdé, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri. Ká fi ojú kan sílẹ̀ lápá igbó odò. Lẹ́yìn náà ká ro gbogbo ààlà lọ́jọ́ kan náà, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ojú yẹn jáde, ká dí i.”

Àgbà kan ní, “Yàrà? Nítorí ogun ni àwọn baba wa ṣe ń gbẹ́ yàrà. Ṣé nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ni àwa ó ṣe gbẹ́ tiwa?”

“Bàbá, ẹni tó bá ń lé yín kúrò nílé, ogun ni, ìbáà tiẹ̀ nírù.”

Ẹ̀rín tó dùn délẹ̀ ni wọ́n rín lọ́tẹ̀ yìí. Baálẹ̀ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Ajíbóyè dìde, ó ní òun yóò gbẹ́ yàrà, ṣùgbọ́n ọkọ́ Ọ̀jẹ́tọ́lá kò ní kan ààlà òun níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè. Ọ̀jẹ́tọ́lá ni aládùúgbò rẹ̀ lóko. Àwọn bàbá wọn ló bẹ̀rẹ̀ ìjà náà, wọ́n sì jogún rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀. Ọ̀jẹ́tọ́lá náà fò dìde. “Ààlà ta ni? Ṣé èyí tí bàbá rẹ hú pèrègún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì wọ ilẹ̀ wa?” Àárín gbùngbùn oko ìlú ni ààlà àwọn méjèèjì là kọjá, òun ló sì gùn jù. Bí a bá ro ìyókù tí a fi ti wọn sílẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo ìmàdò yóò kó sí, wọn á sì máa fi wá rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́jìnmí kò bá wọn jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó fi okùn wọn ojú yàrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ bàbá tirẹ̀, níbi tí okùn náà ti gba àárín ebè iṣu Àwẹ̀ró kọjá. Obìnrin náà sáré dé. “Iṣu mi nìyẹn! Ọdẹ́jìnmí, iṣu mi lò ń hú nì!”

“Ìyá mi, yàrà kò lè yà nítorí iṣu wa. Bí ó bá yà fún tiwa, á yà fún ti gbogbo ayé, a ó sì gbẹ́ ejò.”

Àwẹ̀ró dúró, ó wo ogójì ebè tí yóò lọ, ó wo ọmọ rẹ̀ tí òógùn bò. Ó lọ gbé agbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru erùpẹ̀. Ìgbà tí àwọn èèyàn rí opó tó ń ru erùpẹ̀, ojú tì wọ́n láti jókòó. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pé méje. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n lé ní ọgọ́ta, wọ́n pín ara wọn ní ẹgbẹ́ àáró mẹ́fà, ẹgbẹ́ kan ń fi ẹgbẹ́ kejì ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ajíbóyè wà níbẹ̀, Ọ̀jẹ́tọ́lá náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì wo ara wọn. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ yàrà náà tán, àfi ojú kan tó kọ sí igbó odò. Iṣu ti ń ta nínú ebè nígbà náà, ìmàdò sì ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí wá pe àwọn oníjà méjèèjì sí ìdí pèrègún wọn, Baálẹ̀ sì bá wọn lọ. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ní Bọ́mà, ọmọ ẹ̀yà Tífì kan ni wọ́n fi ṣe ìkejì mi. Èmi kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tèmi. Ọ̀gá wa pàṣẹ pé kí èmi gbẹ́ kòtò tí òun yóò sá sí, kí òun gbẹ́ tèmi. Inú bí mi. Mo ní kí ló dé tí n kò lè gbẹ́ ti ara mi? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀, mi ò lè gbẹ́ ẹ ní gbẹ̀fẹ́, torí pé bí mo bá ti gbẹ́ tirẹ̀ ni yóò gbẹ́ tèmi. Ó gbẹ́ tèmi jìn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wà níwájú yín. Ọjọ́ tí a pínyà ní èbúté, àwa méjèèjì sunkún bí ọmọdé.”

Ó nàka sí pèrègún náà. “Bàbá Ajíbóyè, ẹ má ro apá tiyín. Ẹ sọdá, ẹ bọ́ sórí ilẹ̀ Bàbá Ọ̀jẹ́tọ́lá, kí ẹ ro apá tiwọn wá sí ìdí pèrègún. Kí Bàbá Ọ̀jẹ́tọ́lá náà sọdá, kí wọ́n ro apá tiyín.”

Ajíbóyè ní, “Bí ọkọ́ mi bá wá kọjá pèrègún ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé ilẹ̀ tiyín lẹ̀ ń ro fún wọn nìyẹn.”

Ọ̀jẹ́tọ́lá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di igi pèrègún mú. Ó ní, “Ajíbóyè, ọjọ́ náà lo máa di ọkọ́ mú bí ẹni di ẹyin mú!” Ajíbóyè fẹ́ bínú, kò ráyè, ẹ̀rín ti gbé òun náà. Baálẹ̀ ní ogún ọdún rèé tí òun kò rí eyín àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ọbàtálá ni wọ́n jagun náà. Gbogbo ọmọ Ìdí-Arère tó lè gbé ọkọ́ wà lórí ìlà láti òkè, onílé ìsàlẹ̀ lórí ilẹ̀ onílé òkè, olúkúlùkù nínú oko ẹni kejì. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò irin àti ọmọrí. Ọdẹ́jìnmí gbé ṣọ́bìrì sókè, ó sì kígbe bí ọ̀gá wọn ti ń kígbe ní Bọ́mà, èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Àdá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, igbó ààlà ń wó lulẹ̀, ìmàdò sì ń jáde, akọ, abo, tọmọ tọmọ. Àwọn tó fẹ́ yà sí ọ̀tún bá yàrà, wọ́n padà. Àwọn tó yà sí òsì bá yàrà. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń rọ́ gbà bí omi.

Nínú ààlà Ajíbóyè àti Ọ̀jẹ́tọ́lá ni baba àwọn ìmàdò náà wà. Akọ ìmàdò tí ó ti darúgbó ni, eyín rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí dòjé, ara rẹ̀ kún fún àpá. Òun kò sá. Ó jáde lójijì, ó sì dojú kọ Ajíbóyè tó wà ní ìdúró lórí ilẹ̀ Ọ̀jẹ́tọ́lá. Ajíbóyè fà sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ kọ ebè, ó ṣubú. Àkókò yẹn ni Ọdẹ́jìnmí, akọ igi tí kì í ṣoje, fo ebè mẹ́ta kọjá, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà, ó sì gbá etí ṣọ́bìrì wọ ilẹ̀, ó fi èjìká tì í. Ìmàdò náà kọ lù ú pẹ̀lú gbogbo agbára. Ṣọ́bìrì tẹ̀, Ọdẹ́jìnmí yí gbirigbiri, ẹranko náà sì fi orí gbá irin, òòyì kọ́ ọ, ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ yàrà, ó já sínú rẹ̀. Ọ̀jẹ́tọ́lá ló dé ibẹ̀ pẹ̀lú àdá. Lóde òní, ẹ ó gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ lásán pa ìmàdò mọ́kànlélógún. Irọ́ ni. Ọ̀kan ni wọ́n pa, Ọ̀jẹ́tọ́lá ló sì pa á, nítorí Ajíbóyè.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbẹ́ ojú yàrà tó kù pa. Wọ́n pín ẹran kárí, àwọn obìnrin sì dá orin kan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀:

“Òkété gbẹ́lẹ̀, ti ara rẹ̀ nìkan ni,
Àlàó gbẹ́lẹ̀, ti gbogbo wa ni.
Ẹ kí Ológun Ṣọ́bìrì,
Ajagun-má-yìnbọn, ọmọ Àwẹ̀ró!”

Àwẹ̀ró ló ń lé e, ohùn rẹ̀ ló sì ga jù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹnikẹ́ni kò di ẹrù. Baálẹ̀ kó iṣu ránṣẹ́ sí ìlú etí títì, ó ní wọ́n ṣeun fún ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí, kí wọ́n bá wa máa lò ó. Wọ́n fẹ́ fi Ọdẹ́jìnmí joyè Jagun, ó kọ̀, ó ní Olórí Àáró ni òun fẹ́. Oyè náà kò sí tẹ́lẹ̀, òun ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó dàgbà, ó darúgbó, ó sì fi àlàáfíà sùn láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Yàrà rẹ̀ ṣì wà, koríko ti bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Títí di òní, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kò sí oko tí a ń ro kí a tó ṣe Àáró Ààlà, ẹnikẹ́ni kì í sì í ro apá tirẹ̀: yóò sọdá ni, yóò ro ti ẹni kejì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, awọnlẹ̀ ìjọba kan wá nítorí ọ̀nà tuntun tí yóò gba oko wa kọjá. Ó bi ọmọ Ajíbóyè, Adéògo, pé níbo ni ilẹ̀ wọn pin sí. Adéògo họ orí. Ó ní, “Ọ̀gá, ti ilé Ọ̀jẹ́tọ́lá ni mo mọ̀ dáadáa. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè tiwa.” Awọnlẹ̀ náà rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín, ó bínú lọ bá ọmọbìnrin Ọ̀jẹ́tọ́lá. Obìnrin náà mú un wọ ilẹ̀ Ajíbóyè, ó fi pèrègún hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kan. Adéògo náà mú un wọ ilẹ̀ Ọ̀jẹ́tọ́lá, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Awọnlẹ̀ ta okùn, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó tún un ta, torí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Nínú gbogbo ilẹ̀ náà, kò sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tí ìlà tí àwọn méjèèjì fi hàn án fi yàtọ̀ síra.